Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ní Kó Ṣí Fìlà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tó yí yín ká, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ tuntun, kí ẹ sì fi kún un pé owó ọwọ́ yín kò tó nǹkan. Ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí yóò di olùdámọ̀ràn. Ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń rọ epo sí lára mọ́tò yóò máa ṣàlàyé irú mọ́tò tó yẹ ọmọlúàbí. Mo rí gbogbo èyí ní Ọ̀wọ̀, níbi tí mo ti ṣe àjò ní àkókò tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ó ti pẹ́. Inú ṣì ń bí mi.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀làjú ti sọ̀ kalẹ̀, pé ìyókù ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń dúró kí a ráyè wá bá wọn. Yunifásítì Ìbàdàn tún fi kún ìgbéraga náà: mo gba oyè nínú èdè Látìnì, èdè tí àwọn tó ni ín ti kú tán. Nígbà tí ìwé dé pé kí n lọ sí Ọ̀wọ̀ láti máa bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́, ìyá mi káwọ́ lérí.

“Ọ̀wọ̀? Ṣé kì í ṣe Bìní ló kù níwájú ibẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi.”

“Ta ni o ṣẹ̀ ní Ìbàdàn?”

Ohun àkọ́kọ́ tó dà mí láàmú ní Ọ̀wọ̀ ni etí mi. Mo ti rò pé Yorùbá ni Yorùbá. Ìyá onílé mi, opó olùkọ́ ìjọ kan, kí mi káàárọ̀, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ gígùn kan tó dùn bí orin. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni “ulé”, mo sì gbà pé ilé ló ń wí. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ìlú wọn ní “Ọ̀ghọ̀”, èmi ọlọ́gbọ́n, mo rọra tún un ṣe fún wọn: “Ọ̀wọ̀ ni, mà.” Mo ń kọ́ onílé ní orúkọ ìlú rẹ̀! Ìyá onílé wò mí, kò bínú. Ó kàn yí ohùn padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ irú Yorùbá tí wọ́n máa ń kà nínú Bíbélì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lẹ́kọ.

Ohun tí mo kọ́ nípa ìdálẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá bú ọ lo mọ̀ pé àlejò ni ọ́. Ìgbà tí wọ́n bá yí ohùn padà fún ọ ni. Kò sí ìwà ọmọlúàbí tó tún dunni jù ú lọ. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá sì yọjú, ẹ̀rín náà á di “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Mísì.” Mo máa ń padà sí yàrá lọ jókòó ti àwọn òkú Látìnì mi.

Iṣẹ́ mi ló gbà mí. Apá tí wọ́n fún mi ni ọ̀nà Ìfọ̀n títí wọ Òkèlùsè. Mo máa ń wọ lọ́rì láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ̀n, láàárín àpò ẹ̀gẹ́ àti ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Láti Ìfọ̀n, bí mo bá ríre, mo rí ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbé mi; bí mi ò bá ríre, mo fi ẹsẹ̀ rìn. Ní Òkèlùsè, ilé ẹ̀kọ́ wọn kò ní ìlẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀kì wọn ti tán látìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà, olùkọ́ sì ń fi òkúta funfun tí wọ́n ń rí nínú ilẹ̀ oko kọ̀wé sára pátákó. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í yí ohùn padà fún mi. Wọn ò mọ irú ohùn mìíràn. Wọ́n máa ń sọ tiwọn, èmi á sọ tèmi, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín ara wa. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo àgbègbè náà tí wọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín lójú mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń kí mi lọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Àgbà fi gún mi lọ́kàn. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè ni ọ̀gá wa, ọkùnrin tí ọkọ̀ rẹ̀ gùn débi pé iwájú rẹ̀ á ti wọ ọgbà ọ́fíìsì kí ẹ̀yìn tó kúrò ní títì. Ó pè mí.

“Mísì, ọ̀nà Òkèlùsè kì í ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀. Bí o kò bá ní ọkọ̀ kí òjò tó dé, mo máa gbé e fún Adégòkè. Ìwọ á wá jókòó sí ọ́fíìsì, kí o máa kọ́ àwọn olùkọ́bìnrin ní ìránṣọ.”

“Mi ò mọ ìránṣọ, sà.”

“Obìnrin ni ọ́. O máa mọ̀ ọ́n.”

Adégòkè tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni alábòójútó kejì, ọ̀rẹ́ Ọ̀gá, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí Ọ̀gá tó parí àwàdà. Ó rẹ́rìn-ín.

Ìjọba máa ń yá irú wa lówó láti ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Owó oṣù mi ló ń rán àbúrò mi nílé ìwé girama, òun náà ló ń bọ́ ìyá mi. Nítorí náà, ohun tí mo nílò kò lọ́jú pọ̀: ọkọ̀ tuntun tó kéré lówó jù, tí kì í mu epo bí ọ̀mùtí, tí ikùn rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, tó lè kó ìwé. Mo sọ èyí fún ènìyàn kan. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú ti ń bá mi rà á.

Ẹgbẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Ọ̀wọ̀ pe ìpàdé nítorí mi. Alága wa, oníṣòwò aṣọ kan tó máa ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójoojúmọ́, dìde.

“Ọmọ wa, àwa kọ́ la ni ìlú yìí. Ojú wọn wà lára wa. Ohun tí o bá gùn, gbogbo Ẹ̀gbá ló gùn ún.”

“Ṣé gbogbo Ẹ̀gbá máa bá mi san án, Bàbá?”

“Má rí wa fín. Irú ti Láoyè ni kí o rà.”

“Irú ti Láoyè kò lè dé Òkèlùsè.”

“Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Òkèlùsè? Wọ́n á rí ọ ní Ọ̀wọ̀!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹnì kan nínú ilé náà tó ní ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí kò mọ èyí tó yẹ mí.

Mo lọ sí Ìbàdàn, sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi táì fún ara rẹ̀ lọ́rùn jáde wá pàdé mi, ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

“Ta ni yóò máa wà á, mà?”

“Èmi.”

“Ta ni yóò buwọ́ lùwé?”

“Èmi.”

“Ọkọ yín ńkọ́?”

“Mi ò tíì ní.”

“Bàbá yín ńkọ́?”

“Ó ti kú.”

“Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ńkọ́?”

“Èmi ni àkọ́bí.”

Ó ronú. “Ẹ ò ní àbúrò ọkùnrin rárá?”

“Ó wà ní kíláàsì kẹta.”

“Ẹ ò ṣe mú un wá?”

Mo bi í pé ṣé ọmọ kíláàsì kẹta ni ìjọba fẹ́ yá lówó. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni. Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀ wá. Ọ̀gá náà wo ìwé ìjọba, ó rí òǹtẹ̀, ó sì rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé èmi náà jẹ́ ènìyàn.

Wọ́n fi àwọn tó ń dán hàn mí. Ọ̀kan rẹwà, ikùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Òmíràn ga, owó rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn àwọn táyà, mo rí ọkọ̀ kékeré kan tí àwọn Faransé ṣe, tí ó jọ pé ojú ń ti àwọn òǹtajà fúnra wọn láti tà á. Imú rẹ̀ rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi páànù òrùlé. Òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ aṣọ líle tí a lè ká láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹní. Ikùn rẹ̀ ga. Àga inú rẹ̀ ṣeé yọ jáde. Ó kéré lówó ju gbogbo wọn lọ, owó ìjọba sì ká a.

“Ìyẹn ò yẹ yín, mà,” ni ọlọ́táì náà wí.

“Ó yẹ ọ̀nà mi.”

Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á ní Ìbàdàn níbẹ̀, mo gba ìwé àṣẹ, mo sì wà á dé Ọ̀wọ̀ fúnra mi. Ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìyá onílé jáde, ó yí i ká, ó fọwọ́ kan òrùlé rẹ̀.

“Ọmọ mi, ìgbà wo ni wọ́n máa wá parí ẹ̀?”

“Wọ́n ti parí ẹ̀, mà.”

“Háà. Wọ́n fi páànù ṣe imú, wọ́n fi aṣọ ṣe orí. Ṣé ẹni tó ṣe é kò kọ́ṣẹ́ parí ni?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo ṣàkíyèsí pé kò yí ohùn padà láti rẹ́rìn-ín náà, ìbínú mi sì rọ̀ díẹ̀. Ti Adégòkè kò rọ̀. Ó yọjú láti fèrèsé ọ́fíìsì: “Mísì, bí òjò bá ṣú, ṣé kí n bá yín ká a wọlé pẹ̀lú aṣọ yín tó kù lórí okùn?”

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń dé Òkèlùsè. Ó ń fò lórí kòtò bí ewúrẹ́. Bí mo bá dé, àwọn ọmọ á yọ àga ọkọ̀ jáde, wọ́n á gbé e sábẹ́ igi, ibẹ̀ ni mo sì máa ń jókòó sí gbọ́ ìwé kíkà wọn, nítorí ilé ẹ̀kọ́ náà kò ní àga fún àlejò. Ọmọ tó bá kàwé dáadáa á bá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò sí oyè kan tí yunifásítì fún mi tó dùn mọ́ mi tó ìjókòó náà.

Ìyá mi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Láyé ìgbà náà, tẹlifóònù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹ ó lọ sí pósófíìsì Ọ̀wọ̀, ẹ ó dúró, wọ́n á fi ìlú kan pe ìlú kejì, ìyá yín náà á sì ti dúró sí pósófíìsì Abẹ́òkúta láti òwúrọ̀. Gbogbo ẹni tó wá ra sítáǹpù á gbọ́ yín.

“Ṣé òótọ́ ni?” Ìyá mi pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn fúnra rẹ̀ rìn dé Ọ̀wọ̀. “Wọ́n ní ọkọ̀ rẹ kò ní orí!”

“Ó ní orí, Ìyá mi! Aṣọ ni!”

“Aṣọ? Ṣé owó ò tó páànù ni?”

“Páànù wà ní iwájú!” ni akọ̀wé pósófíìsì bá mi dá a lóhùn láti ẹ̀yìn káńtà. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

“Ta nìyẹn? Ṣé ó ti ní ìyàwó?”

Bẹ́ẹ̀ ni àkókò wa ṣe tán. Mo ti fẹ́ sọ fún un pé ó máa ń ṣe mí bíi kí n wá sílé, pé mi ò sì fẹ́ wá. Ọ̀rọ̀ òrùlé la fi ná àkókò náà tán.

Ọdún Igogo dé. Ní àkókò ọdún náà, ẹnikẹ́ni kì í dé fìlà ní Ọ̀wọ̀, obìnrin kì í wé gèlè, agogo nìkan ni wọ́n sì ń lù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Ìlú tó gbà mí ni, àṣà wọn ni, gèlè mi kì í sì í ṣe adé. Láàárín ọdún yìí gan-an ni Ọ̀gá Àgbà mú ọjọ́ tí òun yóò lọ wo Òkèlùsè.

“Kí n bá ọ níbẹ̀,” ni ó wí. “Bí mo bá dé tí mi ò bá ọ, ọ̀nà náà ti di ti Adégòkè. Ọkọ̀ tirẹ̀ ní orí.”

Òjò ti ṣú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo tú gèlè mi láti ilé, mo jù ú sínú ọkọ̀, mo kó ìwé àti ṣọ́ọ̀kì sẹ́yìn, mo gbéra. Ní oríta tí ọ̀nà ti yà sí Ìfọ̀n, àwọn ọ̀dọ́kùnrin díẹ̀ dúró pẹ̀lú akọ̀wé kóòtù kan tí mo mọ̀. Ọmọ Àkókó ni akọ̀wé náà, àlejò bíi tèmi, ṣùgbọ́n ó ti pinnu láti di onílé ju onílé lọ. Ó na ọwọ́.

“Mísì, ẹ dúró. Ẹ ṣí fìlà.”

“Fìlà wo? Orí mi rèé.”

“Ti mọ́tò yín.”

Mo rò pé àwàdà ni. Ojú rẹ̀ le bí ti adájọ́.

“Aṣọ ni,” ni ó wí. “Ohun tó bá jẹ́ aṣọ, tó sì wà lórí, fìlà ni.”

Bàbá arúgbó kan tó ń kọjá lọ, tí irun funfun rẹ̀ wà ní gbangba, dúró. Ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ ni. “Akọ̀wé, orí ènìyàn la ń wí. Ta ló wí ti mọ́tò?”

“Bàbá, ayé ti lajú,” ni akọ̀wé dá a lóhùn. Bàbá náà mirí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí a ti ń jiyàn, fèrè gígùn dún lẹ́yìn wa. Ọkọ̀ Ọ̀gá Àgbà ni, Adégòkè ló ń wà á. Akọ̀wé náà sáré kúrò lójú ọ̀nà, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì tọ́ wọn sọ́nà. Adégòkè juwọ́ sí mi.

“Èyí ńkọ́?” ni mo pariwo. “Ṣé fìlà kọ́ ló wà lórí tiwọn ni?”

“Irin nìyẹn. Kò ṣeé ṣí.”

“Ṣé nítorí pé tèmi ṣeé ṣí ni mo fi jẹ̀bi?”

“Ẹ ti dá a lóhùn fúnra yín, Mísì.”

Mo ti ka òfin àwọn ará Róòmù. Mo ti ka ti Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé òfin kedere tó oríta yẹn. Ẹni tí fìlà rẹ̀ ṣeé ṣí ni wọ́n ń ní kó ṣí i. Ẹni tí tirẹ̀ fi irin ṣe, wọ́n á kí i, wọ́n á ní kó máa lọ. Mo wo ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ, mo wo ojú ọ̀run. Àwíjàre mi lè dùn títí di ọ̀sán, ṣùgbọ́n Òkèlùsè á ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ká òrùlé mi bí ẹní, àwọn ọ̀dọ́ náà pàtẹ́wọ́, òjò sì dé.

Mo lè dúró lẹ́yìn ìlú kí n na òrùlé náà padà. Mi ò dúró. Ìbínú mi kò jẹ́, àkókò kò sì sí. Mo fi gèlè mi bo ìwé àwọn ọmọ, mo jókòó sínú òjò, mo ń bú akọ̀wé náà ní Látìnì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀kọ́ náà wúlò fún mi. Ní Ìfọ̀n, àwọn ènìyàn jáde sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wo obìnrin tó ń wa agbada omi lọ.

Lẹ́yìn Ìfọ̀n, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tí mo ti máa ń gba inú koríko yà fún, ọkọ̀ Ọ̀gá Àgbà jókòó sínú ẹrẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Adégòkè wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ká ṣòkòtò, ó ń tì. Ọ̀gá wà nínú, ó ṣí gíláàsì díẹ̀.

“Ẹ kú ewu, sà. Ẹ bọ́ sínú tèmi. Àyè wà.”

Ó wo ọkọ̀ mi. Ó wo irun mi tí omi ń kán láti ara rẹ̀.

“Nínú kí ni?”

“Ó máa dé ibẹ̀, sà.”

“Mísì, èmi kò lè dé iwájú àwọn olùkọ́ nínú... nínú nǹkan yìí. Ìjọba ni mo ń ṣojú fún.”

“Ìjọba ti rì, sà.”

Adégòkè bú sẹ́rìn-ín. Ó rántí ẹni tó wà nínú ọkọ̀, ó sọ ọ́ di ikọ́.

“Lọ bá mi pe ènìyàn wá,” ni Ọ̀gá wí, ó sì ti gíláàsì rẹ̀.

Mo gba inú koríko kọjá. Nígbà tí mo dé Òkèlùsè, olùkọ́ ibẹ̀ ránṣẹ́ sí oko, àwọn ọkùnrin sì mú okùn lọ fà wọ́n. Ọ̀gá Àgbà kò wá. Bí wọ́n ti fà á jáde ló ní kí wọ́n yí orí ọkọ̀ padà sí Ọ̀wọ̀. Títí di ìgbà tí mo fi kúrò ní àgbègbè náà, kò rí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún sójú. Àwọn ọmọ ká mi mọ́ abẹ́ òrùlé, wọ́n fún mi ní aṣọ olùkọ́ wọn, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín débi tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìwé kò tutù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ọ̀gá pe èmi àti Adégòkè sí iwájú rẹ̀. Ìpàdé náà ní omi mímu nínú ife gíláàsì, èyí tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà wúwo.

“Mísì, o fi iṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀sín. O lọ sí ẹnu iṣẹ́ pẹ̀lú orí tútù, nínú agolo tí kò ní ìdérí. O bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan ní ojú ọ̀nà tí mi ò ní tún sọ níhìn-ín.”

Adégòkè wo ilẹ̀.

“Mo ti ronú ohun tí a ó ṣe fún ọ. Ọ̀nà ọ̀dà tó lọ sí Àkúrẹ́ yẹ ẹni tó mọ ìwà. Adégòkè ni mo fún. Ìwọ tí o fẹ́ràn ẹrẹ̀, ìwọ ni kí o máa lọ sí Òkèlùsè, lójò, lẹ́ẹ̀rùn, títí tí o fi máa kẹ́kọ̀ọ́. Má kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí mi. Mi ò ní kà á.”

Ó wo ojú mi láti rí i bóyá ìyà náà wọ̀ mí lára. Mo mọ irú ọkùnrin tó jẹ́: bí ó bá rí ayọ̀ níbẹ̀, ó máa gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Mo dorí kodò. Mo fa aṣọ ìnujú jáde láti inú báàgì, mo fi bo gbogbo ojú mi pátá, mo sì jẹ́ kí èjìká mi máa mì.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Mísì,” ni Adégòkè wí, àánú mi ti ṣe é. “Ẹ má sunkún mọ́.”